Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Ojú Tí Ẹ Fi Ń Wo Ìwọ̀n Ara Yín Tọ̀nà

Nínú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara, ohun tí òṣùwọ̀n sọ wà lọ́tọ̀, ohun tí oníkálukú gbà lọ́kàn pé òun jẹ́ sì wà lọ́tọ̀. Ọkùnrin tí ó ti wúwo ju bó ti yẹ lọ lè máa fọwọ́ pa ikùn rẹ̀ kí ó sì máa sọ pé ara òun dá ṣáṣá, nígbà tí obìnrin tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ní àbùkù kankan ń febi pa ara rẹ̀ nítorí ó dá a lójú pé òun ti sanra jù. Àwọn méjèèjì ni ojú tàn jẹ, ṣùgbọ́n ibi tí ojú ti tan ọkùnrin jẹ kọ́ ni ó ti tan obìnrin jẹ, ìdí sì nìyí tí ìmọ̀ràn kan ṣoṣo kò fi lè bá gbogbo ènìyàn mu. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín oúnjẹ kù, tàbí kí ó tó ra oògùn amúnisanra, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ bí ojú tí ó fi ń wo ara rẹ̀ ṣe jìnnà sí òtítọ́ tó.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwa ọmọ Yorùbá tí a fi Àbújá àti àwọn ìlú òkè Ọya yòókù ṣe ibùgbé, nítorí pé ìgbé ayé wa níhìn-ín máa ń fi kún ìwọ̀n ara láìjẹ́ kí a tètè fura. Ẹni tí ó ń gbé ní Kubwa, Nyanya tàbí Lugbe, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní àárín ìlú, máa ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Yóò jókòó nínú ọkọ̀, yóò jókòó sí ọ́fíìsì títí di ìrọ̀lẹ́, yóò tún jókòó nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ padà sílé, oúnjẹ tí ó sì pọ̀ jù nínú ọjọ́ rẹ̀ ni èyí tí yóò jẹ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Bí ó bá yà níbi tí wọ́n ti ń yan súyà kí ó tó wọlé, èyíinì kò sí nínú ohun tí yóò kà kún oúnjẹ. Àwọn tí ó mọ bí a ti rí nígbà èwe kò sí nítòsí láti sọ ohun tí wọ́n rí. Ìgbà tí a bá lọ sílé fún Iléyá tàbí Kérésìmesì ni a máa ń gbọ́ ọ, ẹni tí ó sì ń sọ ọ́ fún wa, oríire ni ó fi ń kí wa.

Ẹ kọ́kọ́ kọ èrò yín sílẹ̀

Ẹ mú ìwé àti bírò kí ẹ tó sún mọ́ òṣùwọ̀n rárá. Ẹ kọ iye kílò tí ẹ rò pé ẹ wọ̀n, ẹ kọ bí ẹ ṣe ga tó, kí ẹ sì kọ iye íńṣì tí ẹ rò pé àyíká ikùn yín jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ yan ọ̀kan nínú gbólóhùn mẹ́rin yìí: mo rù jù, mo ṣe déédéé, mo ti sanra jù díẹ̀, mo ti sanra jù púpọ̀. Ẹ má bi ọkọ, aya tàbí ọ̀rẹ́ léèrè kí ẹ tó kọ ọ́. Bí ẹ bá gun òṣùwọ̀n láìkọ èrò yín sílẹ̀, ọkàn yóò yára sọ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ kò sì ní í mọ ibi tí ojú yín ti ṣì.

Àwọn olùwádìí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti rí i pé bí a bá kàn béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ àgbàlagbà láìwọ̀n wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn ọkùnrin, máa ń fi kún gíga wọn, àwọn obìnrin sì sábà máa ń yọ nínú iye kílò wọn. N kò rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Iye tí wọ́n gbọ́ kẹ́yìn ni wọ́n ṣì ń gbé kiri, bóyá èyí tí nọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀ nígbà àyẹ̀wò ara fún iṣẹ́ ìjọba, tàbí nígbà tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú oyún àkọ́bí.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò gba nọ́ńbà. Ní ọdún 1983, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà kan, Albert Stunkard, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwòrán mẹ́sàn-án ti ọkùnrin àti mẹ́sàn-án ti obìnrin jáde, láti orí ẹni tí ó rù jù lọ títí dé orí ẹni tí ó sanra jù lọ. Ẹni tí a ń yẹ̀ wò yóò tọ́ka sí èyí tí ó jọ ọ́ àti èyí tí ó wù ú láti jọ. Ní ọdún 1985, April Fallon àti Paul Rozin fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin, àwòrán tí ó jọ wọ́n àti èyí tí ó wù wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn obìnrin ní tiwọn yan èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ara wọn lọ, wọ́n sì rò pé àwọn ọkùnrin ń fẹ́ obìnrin tí ó rù ju èyí tí àwọn ọkùnrin náà tọ́ka sí lọ. Lédè mìíràn, wọ́n ń tìtorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ wọn jìyà.

Ẹ̀yin tọkọtaya lè gbìyànjú irú rẹ̀ nílé. Ẹ ya ènìyàn bíi márùn-ún tí ara wọn ń tóbi sí i sórí ìwé, kò pọn dandan kí àwòrán náà dára. Kí oníkálukú kọ ìdáhùn rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀: èwo ni ó jọ mí, èwo ni ó wù mí, èwo ni mo rò pé ẹnìkejì mi ń fẹ́ kí n jọ. Ìdáhùn kẹta yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé ọ̀pọ̀ tọkọtaya ti ń bára wọn gbé láti ìgbà pípẹ́ láìbi ara wọn ní ìbéèrè náà rí.

Bí a ṣe ń wọn ara kí ó péye

Gíga ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n, nítorí pé àṣìṣe kékeré nínú rẹ̀ lè ba ìṣirò tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ ṣí gèlè tàbí fìlà, bí irun dídì bá sì ga lórí, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri kí gìgísẹ̀, ìdí àti èjìká kàn án, ẹ wo iwájú tààrà, kí ẹnìkan sì gbé ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ le lé yín lórí kí ó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ibi tí ó ti kan ògiri. Sẹ̀ntímítà 150 péré ni téèpù aránṣọ sábà máa ń gùn, kò sì tó àgbàlagbà púpọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wọn mítà kan láti ilẹ̀, ẹ sàmì síbẹ̀, kí ẹ wá wọn ìyókù láti orí àmì náà.

Ní ti ìwọ̀n, òṣùwọ̀n wà ní ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní àdúgbò yín àti ní ọ̀pọ̀ ilé oògùn, àwọn ọmọkùnrin kan sì máa ń gbé e kiri ọjà tí wọ́n ń gba owó díẹ̀. Èyí tí ó bá dúró lórí ilẹ̀ líle, tí ó sì wà lórí òdo kí ẹ tó gùn ún, ni kí ẹ gbà gbọ́. Òṣùwọ̀n tí ó wà lórí rọ́ọ̀gì kì í sọ òtítọ́. Àárọ̀ ni àkókò tí ó dára jù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọ̀ tí ẹ kò sì tíì jẹun, pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára. Ara ènìyàn lè fi kílò kan sí méjì lọ sókè sódò láàárín ọjọ́ kan nítorí omi, iyọ̀, oúnjẹ tí ó wà nínú ìfun, àti nǹkan oṣù lára obìnrin. Nítorí náà, ẹ má wọn ara ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé òde ìgbéyàwó kí ẹ sì torí rẹ̀ bọkàn jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa tọpa ìwọ̀n rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, ní ọjọ́ kan náà, lórí òṣùwọ̀n kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má ṣe fi ìparí àwẹ̀ Rámádánì pinnu ohunkóhun, nítorí pé kílò díẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pàdánù nígbà náà sábà máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn Ìtúnu Àwẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò. Ẹ sọ gíga yín ní mítà di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ bá rí pín iye kílò yín. Obìnrin tí ó ga ní mítà 1.65 tí ó sì wọn kílò 78 yóò sọ 1.65 di ìlọ́po 1.65, yóò rí bíi 2.72, bí ó bá fi pín 78, yóò rí 28.7. Lójú Àjọ Ìlera Àgbáyé, ẹni tí tirẹ̀ kò tó 18.5 rù jù, ẹni tí ó wà láàárín 18.5 sí 24.9 ṣe déédéé, láti 25 dé 29.9 jẹ́ ìwúwo tí ó ti kọjá ààlà, nígbà tí 30 sókè jẹ́ sísanra jọ̀kọ̀tọ̀ tí wọ́n kà sí àìsàn. Ẹni tí ó ga ní mítà 1.60 yóò kan 25 ní kílò 64, yóò sì kan 30 ní bíi kílò 77. Ẹni tí ó ga ní mítà 1.75 yóò kan 25 ní bíi kílò 77, yóò sì kan 30 ní bíi kílò 92.

Onímọ̀ ìṣirò ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Adolphe Quetelet, ni ó gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí ara àwọn ènìyàn púpọ̀ ṣe rí ni ó ń wá, kì í ṣe ìlera ẹnìkan. Ọdún 1972 ni onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Ancel Keys, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fún un ní orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é lónìí, ìyẹn body mass index (BMI). Èyí ni kí a rántí nígbà tí a bá ń lò ó. Alábàárù tí ó ń fi èjìká gbé àpò ìrẹsì ní ọjà Wuse àti ọ̀gá tí kì í dìde lórí àga lè jọ ní 27, bẹ́ẹ̀ iṣan ni ti ẹnìkan, ọ̀rá ni ti ẹnìkejì. Kò wúlò fún aboyún, kò sì wúlò fún ẹni tí omi ń wú lẹ́sẹ̀. Àwọn arúgbó pẹ̀lú lè ní nọ́ńbà tí ó dára nígbà tí iṣan wọn ti ń tán lọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ràn téèpù ju òṣùwọ̀n lọ.

Ohun tí téèpù aránṣọ mọ̀

Ẹ fọwọ́ wá egungun ìhà tí ó kẹ́yìn nísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara, ẹ wá orí egungun ìbàdí, kí ẹ sì fa téèpù yíká ara ní agbedeméjì àwọn méjèèjì. Ara ni kí téèpù kàn, kí ó má ṣe fún ẹran ara. Ẹ mí síta wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ wá ka ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹ má fa ikùn wọlé. Kò sí ẹni tí ẹ ń ṣe é fún.

Fún ọkùnrin, ewu àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láti sẹ̀ntímítà 94, èyí tí í ṣe íńṣì 37, ó sì pọ̀ gidi láti 102, ìyẹn íńṣì 40. Fún obìnrin, 80 ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn íńṣì 31 àti ààbọ̀, ó sì pọ̀ gidi láti 88, bíi íńṣì 35. Ẹni tí kò bá lè rántí gbogbo èyí lè fi ọ̀kan ṣoṣo sọ́kàn: kí àyíká ikùn má ṣe kọjá ìlàjì gíga ara. Ìdí tí ikùn fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀rá tí ó wà nínú, tí ó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, ni ó ń da ṣúgà àti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rú jù, ju ọ̀rá tí ó wà lábẹ́ awọ itan àti ìdí lọ. Obìnrin tí ìdí rẹ̀ tóbi tí ikùn rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n lè ní ìlera tí ó dára ju ti ọkùnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ṣùgbọ́n tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú. Bẹ́ẹ̀ obìnrin yìí gan-an ni ará àdúgbò yóò máa sọ fún pé ó sanra.

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni yóò sọ pé àwọn kò ní láti wọ̀n ọ́n, nítorí pé ṣòkòtò 36 ni àwọn ti ń wọ̀ láti ọdún mẹ́wàá. Òtítọ́ ni wọ́n sọ nípa ṣòkòtò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé bí ikùn ti ń tóbi, bẹ̀ǹtì ń sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ibi tí a ń dè é sí kì í sì í ṣe ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Aṣọ ìbílẹ̀ tiwa tún tú wa lára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣòkòtò olókùn kì í bá ẹnikẹ́ni jà, agbádá a máa bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀, ìró sì ń gba obìnrin yálà ó fi kílò mẹ́wàá kún ara tàbí ó fi mẹ́wàá jò. Mo fẹ́ràn aṣọ wa, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni torí èyí pa á tì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń fi bí aṣọ ṣe gba òun mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, kí ó ní ṣòkòtò onígbànú kan tàbí yẹ̀rì kan tí kò fà, kí ó máa gbé e wọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó sì dè é síbi tí ìdodo wà.

Ibi tí ojú ọkùnrin àti ti obìnrin ti ń ṣì

Ní báyìí, ẹ mú ìwé tí ẹ kọ èrò yín sí, kí ẹ fi wé ohun tí ẹ wọ̀n. Bí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ojú yín dára. Bí wọn kò bá dọ́gba, ohun tí ó ṣì yín lọ́nà ni kí ẹ wá.

Ti ọkùnrin sábà máa ń jẹ́ pé ó wúwo ju bó ti rò lọ. Nínú ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí àwọn ará Amẹ́ríkà, láàárín àwọn tí ìwọ̀n wọn ti kọjá ààlà, ọkùnrin tí ó sọ pé ìwọ̀n òun dára pọ̀ ju obìnrin lọ. Ní tiwa, ikùn tí ó yọ ti di àmì pé ọwọ́ ti ba ẹnu, ẹni tí ó bá sì gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò tú, àwọn ènìyàn a máa béèrè ohun tí ó ń fi owó ṣe. Tún wo ibi tí ó ń jókòó sí. Bí ó bá lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù, tí gbogbo ọkùnrin tí ó wà lórí ìjókòó ní irú ikùn kan náà, ojú rẹ̀ yóò gba èyí gẹ́gẹ́ bí bí ọkùnrin ṣe ń rí. Ohun tí ojú bá ń rí lójoojúmọ́ ni ó ń pè ní déédéé. Nítorí náà, mo rọ àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n má ṣe fi ara wọn wé ẹgbẹ́ wọn. Kí wọ́n fi wé àwòrán ara wọn tí wọ́n yà nígbà ìsìnrú ìlú tàbí ní ọdún tí wọ́n gbéyàwó.

Ọkùnrin tí ó rù náà ní ìṣòro tirẹ̀, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó. Wọn a máa bi í bóyá ìyàwó rẹ̀ kì í se oúnjẹ, wọn a sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ níbi tí kò ti lè bínú. Láti ìgbà tí àrùn kògbóògùn ti dé ni jíjò ara ti di ohun tí ó ń ba ènìyàn lẹ́rù. Ní orílẹ̀-èdè Uganda ní àwọn ọdún 1980, orúkọ tí ó túmọ̀ sí tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi pe àrùn náà. Ẹ̀rù yìí kò tíì tán nílẹ̀, òun sì ni ó ń mú kí àgbàlagbà tí ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 20, tí kò sí ohun tí ó ṣe é, máa rò pé òun ń gbẹ lọ.

Lọ́dọ̀ obìnrin, ohùn méjì ni ó ń fà á, wọn kì í sì í fà á sí ọ̀nà kan náà. Àwọn ará ilé ọkọ ń fi bí ara rẹ̀ ṣe kún mọ̀ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń tọ́jú rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ìbímọ, nígbà tí wọ́n retí pé kí ó yọ jáde ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó tú. Lórí fóònù ẹ̀wẹ̀, àwòrán obìnrin tí ìbàdí rẹ̀ kò ju ọwọ́ lọ ni ó ń rí láti àárọ̀ dé alẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ tún ṣe. Obìnrin kan náà lè gbọ́ pé òun ti rù láti ẹnu ìyá ọkọ kí ó sì gbọ́ pé òun ti sanra láti ẹnu ọ̀rẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, láìsí pé kílò kan kúrò lára rẹ̀. Kò sí bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe lè mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ nípa ohun tí ó ń gbọ́. Òṣùwọ̀n àti téèpù nìkan ni kò ní ìdí láti tan án.

Ọjọ́ orí tún ń yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ń wá iṣẹ́ ní Garki sábà máa ń ṣì sí ọ̀dọ̀ pé òun sanra. Ìyá rẹ̀ tí ó ti bí ọmọ mẹ́rin sì lè ṣì sí òdìkejì. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, ọ̀rá máa ń kúrò ní ibi tí ó wà ní ìdí àti itan lọ sí ikùn, kódà bí kílò kò bá pọ̀ sí i. Àwọn ìyá kan sì ń pe ikùn wọn ní ikùn ọmọ títí tí ọmọ náà yóò fi jáde ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí pé àwọn tí ó ń tọ́jú gbogbo ilé ni wọ́n, kò sì sẹ́ni tí ó ń rán wọn létí láti tọ́jú ara wọn.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe pẹ̀lú ohun tí ẹ bá rí

Bí ìwọ̀n yín bá ju bí ẹ ti rò lọ, ẹ má ṣe sáré. Ẹni tí ó sanra jù tí ó bá dín ìdá márùn-ún sí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ kù, ìyẹn kílò bíi mẹ́rin àti ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án fún ẹni tí ó wọn kílò 90, yóò rí i pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Kò pọn dandan kí ó padà sí bí ó ti rí ní ọmọ ogún ọdún. Kí ó kọ́kọ́ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wò, kí ó gbé oúnjẹ alẹ́ wá síwájú kí ó sì dín in kù, kí ó sì máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, yálà ní etí adágún Jabi, ní Millennium Park tàbí ní òpópónà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Tíì tí wọ́n ń polówó pé ó ń fa ikùn wọlé sábà máa ń ní ewé tí ó ń mú ni yàgbẹ́ nínú. Omi ni ó ń lé jáde, ọ̀rá wà níbi tí ó wà.

Bí ìwọ̀n yín bá dára ṣùgbọ́n tí ọkàn yín kò gbà, iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ le ju ti òṣùwọ̀n lọ. Ẹni tí ó ń fọwọ́ fa èébì lẹ́yìn oúnjẹ, tí ó ń bẹ̀rù oúnjẹ, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró nítorí àìjẹun, àìsàn ni ó ń ṣe é, dókítà sì lè tọ́jú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún un pé ó ń ṣe àṣejù.

Ohun tí ó ń dùn mí jù ni oògùn amúnisanra. Wọ́n ń ta cyproheptadine, tí a ṣe fún àlẹ́jì, àti dexamethasone, tí ó jẹ́ oògùn líle tí dókítà nìkan ni ó yẹ kó kọ, fún àwọn tí ó rò pé àwọn rù jù, nígbà mìíràn nínú bébà lásán tí kò ní orúkọ. Cyproheptadine ń kun ènìyàn lóorun, ó sì léwu fún awakọ̀. Dexamethasone ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń mú ojú wú, ó ń sọ egungun di ẹlẹ́gẹ́, ó sì ń jẹ́ kí àrùn tètè ráyè wọlé. Ojú tí ó wú yẹn ni àwọn kan ń pè ní ẹ̀wà. Ẹni tí ó bá ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì fúnra rẹ̀, nítorí pé ara ti lè gbàgbé láti pèsè irú èròjà rẹ̀ tí ara fúnra rẹ̀ máa ń pèsè. Kí ó lọ bá dókítà kí ó sì sọ òtítọ́ iye ìgbà tí ó ti ń lò ó. Bí ìṣirò yín bá wà láàárín 18.5 sí 24.9, ẹ kò rù, kò sì sí oògùn kankan tí ẹ nílò.

Bí ó bá jẹ́ ẹlòmíràn ni ẹ rí pé ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, ọ̀nà tí a gbà sọ ọ́ ṣe pàtàkì. Kí aya má ṣe sọ ọ́ níwájú àlejò, kí ọkọ má sì ṣe fi ìnagijẹ sọ ọ́. "Bàbá Ìbùkún, mo fẹ́ wọn ara mi lọ́la, ẹ jẹ́ kí a jọ lọ" dára ju ìwàásù lọ, nítorí pé kò fi ẹnìkan ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Ọmọ tí ó ń bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lè béèrè ìgbà tí wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wò kẹ́yìn, kí ó sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera sọ ti ìwọ̀n fúnra rẹ̀. Ní ti ìkíni tí a fi ń sọ fún ènìyàn pé ó sanra tàbí pé ó rù, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi í sílẹ̀, pàápàá fún ìyá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Àwọn àmì kan wà tí kò yẹ kí a fi falẹ̀. Ẹni tí ó pàdánù ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà sí méjìlá láìgbìyànjú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí dókítà. Bí ikọ́ tí ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì bá wà pẹ̀lú rẹ̀, tàbí òógùn òru, kí ó lọ yẹ ikọ́ ẹ̀gbẹ wò, bí òùngbẹ àti ìtọ̀ lemọ́lemọ́ bá sì wà, kí ó yẹ àtọ̀gbẹ wò. Ẹni tí ó fi kílò bíi mélòó kan kún ara láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú tí èémí rẹ̀ sì ń kúrú, omi ni ó ń kó jọ sí i lára, ọkàn tàbí kíndìnrín lè wà nídìí rẹ̀, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ àwọn nọ́ńbà yín sí dání, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò, nítorí pé àwọn ni dókítà yóò kọ́kọ́ béèrè.